“Wean”: Ọ̀rọ̀ kékeré tó ń da ilé wa rú

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo la máa tú palẹ̀ lónìí. Kò gùn rárá, lẹ́tà mẹ́rin péré ni: w, e, a, n. Ẹ má rò pé ẹ ti mọ̀ ọ́n o. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, títí ó fi kù díẹ̀ kó lé màmá mi kúrò nílé mi.

Ọ̀kan nínú yín ló kọ̀wé sí mi. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ ìlú tó wà. Bàbá rẹ̀ wà ní ICU, ẹ̀rọ ló ń bá wọn mí, ó ti pé ọjọ́ mọ́kànlá. Dókítà pe ìdílé jọ, ó ní láti ọ̀la lọ, àwọn máa bẹ̀rẹ̀ sí í wean bàbá kúrò lórí ẹ̀rọ náà. Ìyá wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dókítà dáadáa. Ọmọbìnrin yìí sì ni àgbà nínú àwọn ọmọ, òun ló ti ń ṣe ògbufọ̀ láti kékeré: ní báǹkì, ní ilé ìwé, lọ́dọ̀ lọ́yà. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀, ó ní, “Mọ́mì, wọ́n ní àwọn fẹ́ gba ẹ̀rọ yẹn lẹ́nu Dádì.” Ìyá wọn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú kọ́rídọ̀ yẹn. Wọ́n ní, “Ṣé wọ́n ti pa á tì nìyẹn?” Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún òkú lórí ẹni tí kò kú. Dókítà kàn ń wò wọ́n, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí ìròyìn ayọ̀ ló rò pé òun mú wá.

Ó kọ̀wé pé òun ṣì ń dá ara òun lẹ́bi. Ó bi mí pé: kí ni ó yẹ kí òun ti sọ?

Àbúrò mi, tó o bá ń gbọ́ mi, fara balẹ̀. Gbogbo àwa tí wọ́n bí sí ìdálẹ̀ la mọ iṣẹ́ ògbufọ̀ yìí. Kò sẹ́ni tó gbà wá síṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń san owó oṣù fún wa. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ ka lẹ́tà kánsù fún màmá mi tí mo sì túmọ̀ rẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a máa ń túmọ̀ sódì kì í sì í ṣe àwọn ọ̀rọ̀ ńláńlá. Bí ọ̀rọ̀ bá tóbi, a máa ń bi dókítà pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré tí a rò pé a ti mọ̀ láti ilé ìwé ló ń gbé wa ṣubú.

Ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí èyí ti wá. Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, èyí tí wọ́n ń sọ ní ilẹ̀ England ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ní ọ̀rọ̀ ìṣe kan, wenian. Ìtumọ̀ rẹ̀ kì í ṣe pé kí a gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnìkan. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí a mú kí nǹkan mọ́ èèyàn lára. Bí ẹ bá ń kọ́ ọmọdé láti máa jí ní kùtùkùtù, tí ẹ ń jí i lójoojúmọ́ títí ó fi mọ́ ọn lára, ohun tí ẹ ń ṣe nìyẹn gan-an. Àwọn mọ̀lẹ́bí ọ̀rọ̀ yìí ṣì wà káàkiri Yúróòpù, ìtumọ̀ àtijọ́ yẹn ni wọ́n sì ń jẹ́ títí dòní. Àwọn ará Netherlands ń sọ wennen, àwọn ará Jámánì ń sọ gewöhnen, àwọn ará Sweden ń sọ vänja. Mímọ́ra ni gbogbo wọn. Nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, ẹ ti gbọ́ wont rí, nígbà tí òyìnbó kan bá ní ẹnìkan ṣe nǹkan “as is his wont”: bó ṣe mọ́ ọn lára láti máa ṣe é. Ẹbí kan náà ni wont àti wean.

Báwo wá ni ọ̀rọ̀ tó jẹ́ fífi nǹkan mọ́ra ṣe di ọ̀rọ̀ gbígba ọmú lẹ́nu ọmọ? Ọ̀nà méjì ni àwọn onímọ̀ ń tọ́ka sí. Ti àkọ́kọ́ ni pé ọ̀rọ̀ mìíràn wà nígbà náà, awenian. A tó wà níwájú rẹ̀ yẹn ló yí i padà, bí ìgbà tí a ní kí nǹkan má mọ́ra mọ́. Wọ́n ń lo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ọmú. Nígbà tó yá, a yẹn bọ́ sọnù lẹ́nu àwọn èèyàn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń ṣe kò bá a lọ. Àwọn ará Jámánì kò jẹ́ kí tiwọn sọnù: entwöhnen ni wọ́n ń pe jíjá ọmọ lẹ́nu ọmú, ent iwájú yẹn ló sì ń sọ pé kó má mọ́ra mọ́.

Ọ̀nà kejì ni pé ìtumọ̀ àtijọ́ kò kúrò níbì kankan. Ìyá tó ń wean ọmọ, oúnjẹ tuntun ló ń fi mọ́ ọmọ náà lára. Oúnjẹ tó ń bọ̀ ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ọmú tó ń lọ. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀nà méjèèjì jọ ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé kí n yan ọ̀kan ni, ìkejì yìí ni màá mú, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ wá wo Yorùbá wa. Jíjá lẹ́nu ọmú. Ẹ fetí sí já yẹn. Okùn já. Mo já ewé. Olè já báàgì gbà lọ́wọ́ ẹnìkan ní Peckham. Ohun tó bá já, ó já nìyẹn. Bíbélì Yorùbá lo ọ̀rọ̀ yìí fún Ísáákì, lọ́jọ́ tí Ábúráhámù se àsè ńlá nítorí pé wọ́n já ọmọ náà lẹ́nu ọmú. Ẹ rí i pé ọjọ́ kan pàtó ni: lánàá ó ṣì ń mu ún, lónìí ó ti parí, ẹ máa bọ̀ wá jẹun. Àwọn ìyá wa kan tiẹ̀ máa ń fi omi ewúro pa orí ọmú, kí ọmọ tó bá gbé ẹnu kàn án lè fúnra rẹ̀ sá.

N kò sọ pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún apá kejì o. A ní i, lójú tèmi ó tiẹ̀ dára ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ó ti mọ́ mi lára. Inú ara ni Yorùbá gbé e sí. Nígbà tí àwọn òbí wa dé ìlú yìí, òtútù kò mọ́ wọn lára. Lẹ́yìn ogún ọdún ó ti mọ́ wọn lára débi pé bí wọ́n bá dé Ìbàdàn, ooru ni wọ́n ń ráhùn rẹ̀. Bí nǹkan bá wá mọ́ra kọjá ààlà, a ní ó ti di bárakú. Ẹ pe ìyẹn jẹ́jẹ́ kí ẹ gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀: bá, ara, kú. Àwọn òyìnbó ní tiwọn, aṣọ ni wọ́n fi ṣe é. Habit tó jẹ́ ohun tó mọ́ni lára náà ni habit tí àwọn sísítà ìjọ Àgùdà ń wọ̀. Custom àti costume sì jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Aṣọ ṣeé bọ́. Ara ńkọ́?

Ìṣòro wa ni pé nígbà tí a bá gbọ́ wean, já ló máa ń sáré wá sí wa lẹ́nu. Mọ́ra kì í wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi báyìí. Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi ní London, màmá mi ti fẹ̀yìn tì, wọ́n ti padà sí Ìbàdàn. Wọ́n wá bá mi tọ́jú ọmọ. Láti ìgbà tí ọmọ ti pé oṣù mẹ́rin ni wọ́n ti ń bá mi fa ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ. “Ọmọ yìí ń wo ẹnu wa tá a bá ń jẹun. Ẹ̀kọ díẹ̀ kò lè ṣe é ní nǹkan kan.” Mo ní, “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe sùúrù, nọ́ọ̀sì ní kó pé oṣù mẹ́fà ná.” Wọ́n ń ṣe sùúrù lóòótọ́, àmọ́ ẹ mọ irú sùúrù yẹn, èyí tó máa ń mú kí ìkòkò dún ju bó ṣe yẹ lọ ní kíṣìnì.

Oṣù mẹ́fà pé. Nọ́ọ̀sì tó ń wo ọmọ wá sílé, ó gbé ọmọ sórí ìwọ̀n, ó fún mi ní ìwé pélébé kan, weaning ni wọ́n kọ gàdàgbà sójú rẹ̀. Inú mi dùn. Mo ní, ìjà parí lónìí. Lálẹ́ mo wọlé tọ màmá mi, mo ní, “Mọ́mì, ẹ kú oríire o. Nọ́ọ̀sì ní ó ti tó àkókò láti já Àbẹ̀ní lẹ́nu ọmú.”

Wọn kò dáhùn. Wọ́n gbé ọmọ, wọ́n wọ yàrá lọ.

Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n màmá mi pè mí láti Ìbàdàn. Mo ní “Ẹ káàárọ̀ mà,” wọn kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. “Ọmọ oṣù mẹ́fà! Ṣé nítorí iṣẹ́ ni, àbí nítorí kí àyà rẹ má baà rọ̀?” Ní ọjọ́ kẹta, ìyàwó bùrọ̀dá mi pè. Èmi náà ń bínú gidi: ẹ̀kọ tí ẹ ti ń bẹ̀bẹ̀ fún láti oṣù méjì sẹ́yìn, mo ti gbà pé kí ẹ máa fún un báyìí, kí ló tún kù? Ní ti màmá mi, ohun tí wọ́n rí ni ọmọ wọn tó kọ̀ kí ọmọ jẹun, tó tún wá fẹ́ gba ọmú tó kù lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ti ń ka aṣọ wọn sínú àpótí. Ohun kan náà ni àwa méjèèjì ń fẹ́, nínú èdè kan náà, lábẹ́ òrùlé kan náà.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, mo se kárọ́ọ̀tì, mo tẹ̀ ẹ́ títí ó fi kúnná, mo fi ṣíbí kékeré fún ọmọ. Ó tu èyí tó pọ̀ jù sí mi lára. Mo nu ẹnu rẹ̀, mo sì gbé e sí ọmú bí mo ti máa ń ṣe. Màmá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“O ò ní o ti já a ni?”

“Já a kẹ̀? Mọ́mì, kò tíì pé ọdún kan!”

“Ẹnu ẹ ni mo ti gbọ́ ọ.”

A dákẹ́, a ń wo ara wa. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni omi wá sí wọn lójú, èmi náà kò lè mú un mọ́ra. Kó tó di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ti po ẹ̀kọ.

Ìwé nọ́ọ̀sì yẹn kò parọ́. Ní ìlú ọba, bí wọ́n bá sọ weaning, ohun tí wọ́n sábà ń sọ ni pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọ ní oúnjẹ, ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà, kí ọmú tàbí wàrà inú ìgò sì máa bá a lọ. Láti ìgbà yẹn, wàrà nìkan kò tó ọmọ mọ́. Èròjà iron tó gbé wá láti inú ìyá rẹ̀ ti ń tán lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní kí ọmọ máa mu ọmú pẹ̀lú oúnjẹ títí di ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà, bí dókítà yín bá sọ weaning, dídá ọmú dúró ló sábà máa ń ní lọ́kàn. Ọmọ ìyá méjì, ọ̀kan ní London, ọ̀kan ní Houston, lè máa fi Gẹ̀ẹ́sì jà lórí ọ̀rọ̀ yìí láìsí Yorùbá níbẹ̀ rárá. Kò yà mí lẹ́nu pé complementary feeding ni ìwé WHO ń pe oúnjẹ tí a ń fi kún ọmú, tí wọn kò fi ti weaning ṣe.

Ẹ̀yin ará Glasgow, mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Wean tiyín, tí ẹ ń pè bíi “wéèn”, ọmọdé ni. Láti wee ane ló ti wá, kiní kékeré kan. Kò bá tiwa tan, ó kàn jọ ọ́ lójú ìwé ni.

Ẹ ó tún gbọ́ kí wọ́n ní ẹnìkan “was weaned on” irú orin kan. Kì í ṣe pé wọ́n gba orin náà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ni wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà. Àwọn kan tó ń ṣọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni ń ṣọ́ oko máa ń bínú sí ìlò yìí, wọ́n ní ó lòdì. Èmi ò bá wọn bínú. Bí ẹni pé wenian àtijọ́ yọjú lójú fèrèsé ló rí lójú mi. Ebenezer Obey ni wọ́n fi wean èmi, látorí rẹ́kọ́ọ̀dù bàbá mi, kò sì tíì kúrò lára mi.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ti oògùn. Láti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún ni wọ́n ti ń lo wean fún ohunkóhun tó ti mọ́ èèyàn lára tí wọ́n fẹ́ kó fi sílẹ̀, kì í ṣe ọmú nìkan. Bí dókítà bá wá sọ pé òun máa wean màmá yín off prednisolone, tí ẹ sì túmọ̀ rẹ̀ pé “wọ́n ní kí ẹ má lò ó mọ́”, ẹ ti fi màmá yín sínú ewu. Ẹ̀yà ara kékeré kan wà lórí kíndìnrín tó ń pèsè cortisol. Bí èèyàn bá ti lo oògùn yìí fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ẹ̀yà ara náà á jókòó, nítorí ẹlòmíràn ti ń bá a ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá dá oògùn dúró lójijì, kò ní tètè dìde. Ìfúnpá lè já wálẹ̀, èèyàn lè dákú, ó lè la ẹ̀mí lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dín in kù díẹ̀díẹ̀, kí iṣẹ́ tún lè mọ́ ẹ̀yà ara yẹn lára. Ẹ sọ ọ́ báyìí: “Mọ́mì, wọ́n fẹ́ máa dín oògùn yìí kù díẹ̀díẹ̀, kí ara yín lè tún máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ má dá a dúró fúnra yín o.” Ó gùn ju lẹ́tà mẹ́rin lọ. Kó gùn.

Ó ku ti ẹ̀rọ. Àbúrò mi, ohun tó ṣeé ṣe kí dókítà yín máa sọ nìyí. Bí ẹ̀rọ bá ń bá èèyàn mí fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, àwọn iṣan tí a fi ń mí máa ń rọ, nítorí wọn kò ṣiṣẹ́. Bí ara aláìsàn bá ti ń yá, wọ́n á dín iṣẹ́ ẹ̀rọ kù, wọ́n á jẹ́ kó gbìyànjú láti mí fúnra rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bóyá ìṣẹ́jú 30, bóyá kó tó wákàtí 2, wọ́n á sì dúró tì í. Bó bá rẹ̀ ẹ́, wọ́n á jẹ́ kí ẹ̀rọ tún ràn án lọ́wọ́, wọ́n á tún dán an wò lọ́jọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa: wọ́n lè lo ọ̀rọ̀ yìí kan náà fún ẹni tí ìwòsàn kò ṣeé ṣe fún mọ́. Nítorí náà, kí ẹ tó yíjú sí ìyá yín, ẹ kọ́kọ́ yíjú padà sí dókítà. Ẹ bi í pé: ṣé nítorí pé ara wọn ń yá ni? Kí lẹ máa ṣe bó bá rẹ̀ wọ́n? Kò sí ìtìjú nínú bíbéèrè. Ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí ilé ìwòsàn wá ògbufọ̀ tó mọṣẹ́, kí ẹ̀yin lè jókòó ti bàbá yín gẹ́gẹ́ bí ọmọ.

Bí ìdáhùn dókítà bá jẹ́ pé ara ń yá, ohun tí ìwọ ìbá ti sọ nìyí: “Mọ́mì, ara Dádì ń gbádùn sí i. Wọ́n fẹ́ kí mímí fúnra wọn tún mọ́ wọn lára, díẹ̀díẹ̀.” Ẹ rí i? Wenian nìyẹn, ní Yorùbá.

Ó sọ ní ìparí lẹ́tà rẹ̀ pé Dádì ti kúrò ní ICU, wọ́n ti ń mí fúnra wọn. Ṣùgbọ́n Mọ́mì kò jẹ́ kí òun túmọ̀ nǹkan kan fún àwọn mọ́. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n ń pè, ẹni tó jẹ́ pé “báwo ni” àti “jọ̀ọ́” ni gbogbo Yorùbá tó ní. Àbúrò mi, gbé fídíò yìí síwájú wọn. Sọ fún wọn pé mo kí wọn, àti pé màmá tèmi náà ti ka aṣọ sínú àpótí rí nítorí ọ̀rọ̀ kan náà.

Ẹ̀yin tó kù, bí wọ́n bá ní ọ̀rọ̀ mìíràn fún jíjá ọmọ lẹ́nu ọmú níbi tí àwọn òbí yín ti wá, bóyá Èkìtì, bóyá Ìjẹ̀bú, bóyá Kétu, ẹ bi wọ́n léèrè, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí mi. Ó dìgbà kan ná.